ÌRÀNLỌ́WỌ́ OWÓ FÚN ỌMỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ GÍGA: Ẹ̀BÙN HA NI, TÀBÍ GBÈSÈ?



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ́ èyí tí ń kọ ọ̀pọ̀ òbí lóminú: níbo ni a ó ti rí owó tí ọmọ yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀? Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ni owó tí ẹbí jọ dá, tàbí èyí tí a rí nínú èsúsú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Èkejì ni sikọ́láṣípù; ẹ̀bùn ni, a kì í san án padà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń tẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yáwó, èyí tí a fẹ́ ṣàlàyé.

Ní ọdún 1972 ni ìjọba Nàìjíríà dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yá a kò san án. Wọ́n ní owó ìjọba ni. Àpò náà sì gbẹ; ìlẹ̀kùn tí a ṣí fún wọn ni wọ́n tì mọ́ àwọn àbúrò wọn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun, lábẹ́ èyí tí àpò ẹ̀yáwó tí à ń pè ní NELFUND ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni ó ń yá lówó. Kò gba èlé, kò sì béèrè onídùúró. Ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà. Ọmọ tí ó bá fẹ́ lè gba owó oúnjẹ lóṣooṣù pẹ̀lú; ẹ kíyè sí i pé gbèsè ni èyí náà. Bí ọdún méjì bá kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí ó sì ti rí iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ yóò máa yọ ìdámẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀yin tí ń san ìdámẹ́wàá mọ ìwọ̀n náà: ẹni tí ń gba 100,000 náírà yóò san 10,000.

Nítorí náà, kí ọmọ tó fọwọ́ sí ìwé, kí òbí bá a jókòó, kí wọ́n bi ara wọn pé: èwo ni ẹ̀bùn, èwo ni gbèsè, nígbà wo ni sísan yóò bẹ̀rẹ̀? Kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú mú ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé, ẹni tí ó yá owó tí kò san án, ó bẹ́gi dínà owó mìíràn. Ọmọ yín ni ó ń yá a lónìí. Ọmọ aládùúgbò yín ni yóò nílò rẹ̀ lọ́la.