Táyà Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ Funfun: Bí A Ṣe Ń Ṣe É, àti Ohun Tí Kò Yẹ Kó Bò

Nínú àwọn fọ́tò ọkọ̀ ayé àtijọ́, pàápàá ti àwọn ọdún 1950 àti 1960, ohun kan wà tí ojú wa kì í tètè bọ̀ sí. Táyà ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dúdú tán. Òrùka funfun kan yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ po, láàárín rímù àti ibi tó ń tẹ ilẹ̀. Lóde òní, tí ẹnì kan bá tún ọkọ̀ ìjàpá tàbí Peugeot àtijọ́ ṣe, tí mẹkáníìkì ti ṣe tiẹ̀, tí ọ̀dà ara ọkọ̀ ti gbẹ, òrùka funfun yìí ló sábà máa ń kù. Kì í ṣe ohun tí ẹ óò dé ìsọ̀ táyà ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò kí ẹ bá lórí àtẹ. Ẹni tó bá wù yóò ṣe é fúnra rẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ ṣàlàyé, pẹ̀lú ohun kan nínú rẹ̀ tó kan gbogbo wa tí à ń wọ ọkọ̀ ní agbègbè ibodè yìí, ì báà jẹ́ pé a kò ní ọkọ̀ kankan.

N ó máa pè é ní táyà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àmì ohùn orí rẹ̀ kúrò o. Oní- pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ló di ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí oní- pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ṣe di ọlọ́rẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá kọ ọ́ ní ẹlẹ́gbẹ́, ojúgbà yín ni ẹ ń kùn lọ́dà.

Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé funfun ló ṣáájú dúdú. Oje igi rọ́bà funfun bíi wàrà. Àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe táyà tún máa ń po zinc oxide, lẹ́búlẹ́bú funfun kan, mọ́ ọn, nítorí náà táyà ìgbà náà máa ń funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ eérú. Ìdí nìyí tí Bibendum, ọkùnrin oníkíkì táyà tí Michelin fi ń polówó ọjà láti 1898, fi funfun títí di òní. Ní 1904, ní ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Silvertown ní London, wọ́n rí i pé tí wọ́n bá po carbon black mọ́ rọ́bà, yóò le sí i. Carbon black yìí kò ju dúdú kíkúná tó ń jáde nígbà tí epo tàbí gáàsì bá jó láìrí afẹ́fẹ́ tó, ìbátan dúdú ẹ̀yìn ìkòkò àwọn ìyá wa. Táyà tó ní in kì í tètè jẹ, oòrùn kì í sì í tètè bà á jẹ́. Nígbà tó di àwọn ọdún 1910 tí wọ́n wá ń lò ó fún táyà ọkọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kan fi sí ibi tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan, nítorí owó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá ṣẹ́ kù ní funfun. Ẹ ò rí i pé àìlówó ló bí i! Táyà tó dúdú látòkè délẹ̀ ni táyà olówó nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni ayé yí i po: dúdú di ti gbogbo ènìyàn, funfun di ẹ̀ṣọ́. Ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1950, òrùka náà fẹ̀ gan-an. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ó ti tín-ín-rín di bí ínṣì kan tàbí kí ó máà tó bẹ́ẹ̀.

Funfun ti ilé iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀dà rárá. Rọ́bà funfun gan-an ni wọ́n tò sínú ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n á fi rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ bò ó, lẹ́yìn tí táyà bá sì ti jinná tán, wọ́n á lọ dúdú náà kúrò kí funfun abẹ́ rẹ̀ lè yọjú. Wọ́n tún máa ń ṣètò rọ́bà tó wà lẹ́yìn funfun yìí kí àbààwọ́n má baà wọ inú rẹ̀. Kí ni àbààwọ́n ń wá níbẹ̀? Táyà máa ń làágùn ni. Àwọn kẹ́míkà kan wà nínú rọ́bà dúdú tí wọ́n fi sí i kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ má baà là á. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rìn láti inú wá sí ojú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá dé ojú, wọ́n á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọ̀ tó dà bí ìpẹtà tí ẹ máa ń rí lára táyà tó dúró sójú kan pẹ́, òógùn yẹn ni.

Ohun méjì nìyí tí gbogbo ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ táyà di funfun ń bá jà: ẹ̀gbẹ́ táyà ń làágùn, ó sì ń tẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan, ibi tó bá kan ilẹ̀ á wú síta díẹ̀, á sì padà. Ẹ fi iye ìgbà tí táyà ń yí láti Ìlaròó dé Pápáláńtò ṣírò, pẹ̀lú gbogbo kòtò ojú ọ̀nà.

Nítorí náà ni ọ̀dà ilé, ìyẹn gilọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi kun ilẹ̀kùn, kò fi yẹ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rò. Ilẹ̀kùn kì í tẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gilọ́ọ̀sì á sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, á sì máa ṣí. Ó tún kù: tínà tí wọ́n fi ń là á, àti bẹntiróòlù tí wọ́n sábà máa ń fi nu táyà kí wọ́n tó kùn ún, àwọn méjèèjì ń mú rọ́bà wú, wọ́n sì ń sọ ọ́ di rọ̀bọ̀tọ̀. Ní agbègbè tí kẹ́ẹ̀gì epo kì í ti í jìnnà sí ọwọ́ ènìyàn yìí, mo mọ̀ pé òun ló rọrùn jù. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni òrùka rọ́bà funfun tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, tí fọkanáísà máa ń ki etí rẹ̀ sáàárín rímù àti táyà. Ó mọ́ lójú, àwọn tó fẹ́ràn ìjàpá sì ń lò ó kárí ayé. Ṣùgbọ́n irú táyà àtijọ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ẹ wo táyà yín: tí lẹ́tà R bá wà nínú nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀, bíi 165 R 15 ti ìjàpá, radial ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Òrùka náà á máa ha á bó ṣe ń tẹ̀. Iyanrìn á wọ àárín wọn, á sì di sánpépà. Lórí eré, atẹ́gùn tún lè gbé etí rẹ̀ sókè. Fún ọkọ̀ tó ń jáde lọ síbi ayẹyẹ kó tó padà sílé, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Fún ọkọ̀ tó ń lọ Abẹ́òkúta lójoojúmọ́, ó léwu.

Ẹ̀kẹta ni lílọ. Àwọn táyà kan wà tí lẹ́tà ara wọn funfun. Rọ́bà funfun sábà máa ń wà lábẹ́ ibẹ̀ tí a lè lọ jáde. Ẹni tó bá lọ táyà tí kò ní funfun nínú ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni.

Èyí tó kù, tí mo sì fara mọ́, ni ọ̀dà tí wọ́n fi rọ́bà ṣe fún táyà, tó ń tẹ̀ bí táyà bá tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní Ayétòrò fi ṣe ìjàpá rẹ̀. Fọkanáísà ibẹ̀ wò ó títí, ó ní, “Bàbá, ṣé orò ni ọkọ̀ yìí fẹ́ ṣe ni, tí ẹ fi ń fi ẹfun kùn ún?” Ìmúra ló gba àkókò jù nínú iṣẹ́ náà. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì líle ni ẹ ó fi fọ̀ ọ́, ẹ ó sì tún un fọ̀ títí omi rẹ̀ kò fi ní pọ́n mọ́. Ẹ fi sánpépà kíkúná tó tutù ra á fẹ́rẹ́, ẹ fi sípíríìtì nù ún, kí ó gbẹ. Kí afẹ́fẹ́ inú táyà pé bó ṣe yẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti kí òrùka náà rí rogodo, ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ẹ fi òkúta dí àwọn táyà tó wà nílẹ̀, ẹ gbé èyí tí ẹ fẹ́ kùn kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi igi tó lágbára ti ọkọ̀ náà, kì í ṣe jáàkì nìkan. Ẹ gbé ọwọ́ yín àti búrọ́ọ̀ṣì lé orí búlọ́ọ̀kù kan, kí ẹlòmíràn máa fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì dúró, táyà ló ń rìn. Nínú ìjàpá, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn náà ló ń wà á, nítorí náà iwájú ló ń yí wẹ́rẹ́. Ẹ lè máa gbé táyà yòókù wá síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ kùn ún fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta sàn ju kí ẹ kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan lọ. Kí ó sùn kí ó tó jáde.

Ẹ má kun gbogbo ẹ̀gbẹ́ táyà náà o. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tí kò ní ọkọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ táyà ni ìwé rẹ̀. Wọ́n kọ ìwọ̀n sí i, wọ́n kọ ẹrù tó lè gbà sí i, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn sì ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà mẹ́rin yìí sábà máa ń wà. Ara ibẹ̀ náà ni sísán ti ń hàn, àti wíwú tó ń sọ pé okùn inú rẹ̀ ti já. Michelin dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, òkèèrè ni táyà wa ń ti wá, tòkunbọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà àlòkù wà nínú ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin dè, àyàfi irú àwọn táyà ńlá ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ní ẹ̀bá ibodè, kò sí ẹni tó nílò kí n sọ bó ṣe ń wọlé fún un. Táyà tó ti pẹ́ nínú oòrùn ibòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa lè ní ojú tó jinlẹ̀ dáadáa, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti kú. Ọ̀dà funfun máa di gbogbo ẹ̀rí yìí pa, ọ̀dà dúdú dídán tí àwọn kan fi ń pa táyà lára kí wọ́n tó tà á náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ínṣì kan péré, ní ibi tó sún mọ́ rímù. Ibẹ̀ kì í tẹ̀ tó àárín, ọ̀dà á sì pẹ́ lára rẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà mẹ́rin yẹn, kí ẹ wọ̀n ọ́n kí òrùka má baà gba orí rẹ̀ kọjá. Táyà tó bá ti ń sán, ẹ má kùn ún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa kò ní fi funfun yín sílẹ̀. Ọṣẹ àti kànìnkànìn tó o. Òógùn táyà á tún wọ̀ ọ́ bó pẹ́ bó yá, ẹ ó sì tún un kùn. Tí ẹ bá wá rí ìlà tó sán lára funfun, ẹ fi èékánná ha ibẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dà nìkan ló ṣí, tí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ dán, ẹ tún un kùn. Tí èékánná bá ha sínú rọ́bà, ẹ pe fọkanáísà.