Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù kì í ṣe ohun àdànù



Lásìkò báyìí, bí ènìyàn bá ti Àjàṣẹ́ bọ̀ wá sí Ifangni, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti ìbẹ́pẹ ni yóò máa rí lẹ́bàá títì. Ohun tí kì í sábà rí ni èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí ọjà bá tú. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Èyí tí kò bá tà, tí èèpo rẹ̀ ti ń dúdú, ewúrẹ́ ni ó máa ń dà á fún. "Ó ti bàjẹ́," ni ó ń wí. Lójú tiwa, owó ọjà rẹ̀ ni ewúrẹ́ ń jẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ a máa wá sí ẹ̀kọ́ kátíkísímù láìtíì fẹnu kan nǹkan.

Kì í ṣe pé àwa sàn jù ú lọ. Lọ́dún kan, lẹ́yìn ìdúpẹ́ ìkórè, a kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí eṣinṣin fi wá rán wa létí. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má fi oúnjẹ ṣòfò! Ojú tì wá.

Èso kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀, tí ọ̀nà Ìgòlò sí Ìdí-Ìrókò dí. Aṣọ lè dúró, àwo lè dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti tòmátì kò lè dúró. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ni ó pàdánù. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó kéde ṣíṣí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà mìíràn ju kí ó ta èso rẹ̀ ní tútù lọ, ọwọ́ òfo ni ó ń bá relé lọ́jọ́ tí ọjà bá kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó pọ́n àti èyí tó rà. Nínú 100 gíráàmù ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, sítáàṣì tó nǹkan bíi 20 gíráàmù. Bí ó ti ń pọ́n ni sítáàṣì yẹn ń di ṣúgà, títí yóò fi ku 1 tàbí 2 péré. Nítorí náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí èèpo rẹ̀ dúdú, tí inú rẹ̀ ṣì mọ́, tó ń ta sánsán, adùn rẹ̀ ló pé yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó hu olú, tó ń ṣomi, tàbí tó ń rùn bí ọtí kíkan, ẹ má ṣe gé apá kan kù nínú rẹ̀. Ẹ dà á sórí ààtàn.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí. Ní Ìkirè, nílẹ̀ Nàìjíríà, àgbagbà tó pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè tó lókìkí. Àwa níhìn-ín ní talé-talé tí a ń dín nínú òróró. Àwọn Faransé ní gátò tí wọ́n ń pè ní quatre-quarts: fúláwà, bọ́tà, ṣúgà àti ẹyin, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bọ́tà wọ́n. Bí a bá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ìnáwó yóò dínkù.

Ohun tí a nílò nìyí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 4 tó pọ́n dáadáa, fúláwà 250 gíráàmù, ṣúgà 100 gíráàmù, ẹyin 2, òróró ìdajì ife, ẹ̀tù tí ń mú gátò wú ṣíbí kékeré 2, iyọ̀ díẹ̀, àti ọsàn 1. Àlìkámà kì í hù lágbègbè wa. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ìyẹ̀fun àgbàdo 50 gíráàmù rọ́pò díẹ̀ nínú fúláwà.

Ẹ tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kúnná. Ẹ po ṣúgà, ẹyin àti òróró pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ fún omi ọsàn sí i. Ẹ wá da fúláwà, iyọ̀ àti ẹ̀tù náà sí i, kí ẹ rọra rò ó. Ẹ má ṣe pò ó jù, kí ó má baà le.

Ẹni tí kò ní ààrò ńkọ́? Ẹ da yanrìn gbígbẹ tó mọ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin, kí ó ga tó ìka méjì. Ẹ to òkúta kéékèèké mẹ́ta lé e, ẹ dé e, kí ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 10 lórí èédú. Ẹ gbé agolo gátò tí ẹ ti fi òróró pa lé òkúta náà, ẹ dé e, kí ẹ kó ẹyin iná díẹ̀ lé ọmọrí. Láàárín ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, ẹ fi igi ìtayín gún un. Bí igi náà bá jáde ní gbígbẹ, ó ti jinná. Iná kò gbọdọ̀ pọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí ìyá ilé wa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Gátò kẹ̀, Ìyá Kátíkísì? Ìgbéyàwó ta ni?" Àkọ́kọ́ tó ṣe jóná nísàlẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì dára. Nísinsìnyí, bí ọjà bá ti tú, ó ń ṣà èyí tó pọ́n sọ́tọ̀, ó ń gé gátò tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó wá sí kátíkísímù. Kò tíì di olówó, ṣùgbọ́n owó ọjà rẹ̀ kò wọ inú ewúrẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn tí Jésù Olúwa wa bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn, ó ní kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ṣa èyí tó kù jọ, ó sì kún apẹ̀rẹ̀ 12. Ẹni tó lè sọ búrẹ́dì 5 di púpọ̀ kò ka èérún sí ohun yẹpẹrẹ. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó da ọ̀gẹ̀dẹ̀ nù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ bó o wò.