Ìlànà Títo Àká-Dátà Páàtì fún Àwọn Ayàwòrán Sákíìtì: Lẹ́kkí àti Ajah Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Àṣamọ̀

Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni ìlànà títo àká-dátà páàtì tí àwọn ayàwòrán sákíìtì ń lò. Agbègbè Lẹ́kkí àti Ajah ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Àpilẹ̀kọ náà fi hàn pé ìṣòro tí ó le jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà bí kò ṣe ti orúkọ, àti pé olùkọ́ èdè Yorùbá ní ipa pàtàkì láti kó nínú rẹ̀.

1.0 Ìfáárà

Ilẹ̀ Lẹ́kkí nà gbọọrọ láàárín ọ̀sà Èkó àti òkun Àtìláńtíìkì. Ajah sì wà lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nítorí pé iná mànàmáná kì í dúró, ọ̀pọ̀ ilé àti ọ́fíìsì ní agbègbè yìí ni ó ń lo ìnfátà, bátìrì àti páńẹ́ẹ̀lì oòrùn. Sákíìtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà yípo láti páàtì kan sí òmíràn, wà nínú gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí. Lára páàtì bẹ́ẹ̀ ni rẹsísítọ̀ tí ń dín ìṣàn iná kù, kapásítọ̀ tí ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, àti tìránsísítọ̀ tí ń ṣí ọ̀nà iná tí ó sì ń tì í.

Ẹni tí ó ń ya sákíìtì ní Ajah lè ra páàtì ní ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, ní òdìkejì ìlú Èkó, tàbí kí ó bèèrè fún un láti òkè òkun. Bí ó bá ra èyí tí kò yẹ, ìrìn àjò náà di òfo. Bí ó bá sì lò ó láìmọ̀, ẹ̀rọ lè jóná. Àká-dátà ni àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà tí ń sọ irú páàtì tí ó wà, ohun tí ó lè ṣe, ibi tí ó wà àti iye tí ó ṣẹ́kù.

2.0 Orúkọ Kan fún Páàtì Kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Rẹsísítọ̀ kan náà ni òṣìṣẹ́ kan lè kọ ní 4k7, kí èkejì kọ ọ́ ní 4.7K, kí ẹ̀kẹta kọ ọ́ ní 4700. Lójú kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà nìkan ló ń wò, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Yóò máa sọ pé 4k7 ti tán nígbà tí 4700 kún inú dúrọ́ọ̀ kejì. Ìlànà IEC 60062 fi àyè gba kíkọ lẹ́tà dípò àmì ìdá, kí àmì náà má baà sọnù nígbà àdàkọ, kí 4.7 má baà di 47. Èyí tí ilé-iṣẹ́ bá mú nínú wọn, òun nìkan ni kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa kọ.

Òdìkejì ìṣòro yìí tún wà. Bí a bá rí 472 lára rẹsísítọ̀ pẹlẹbẹ, óòmù 4,700 ni. Bí a bá rí i lára kapásítọ̀, píkòfáràdì 4,700 ni. Ọ̀rọ̀ náà dà bí igba, igbá àti ìgbà tí a kọ láìfi àmì ohùn sí. Bí àmì ohùn ṣe ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ni irú páàtì ṣe ń ya nọ́ńbà sọ́tọ̀.

Ti ẹsẹ̀ páàtì náà kò gbẹ́yìn. Iṣẹ́ tí tìránsísítọ̀ BC547 ń ṣe fara jọ ti 2N3904, ṣùgbọ́n ètò ẹsẹ̀ wọn yí padà: iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ òsì ń ṣe lára ọ̀kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó ń ṣe é lára èkejì. Àká-dátà tí ó kọ pé ọ̀kan lè rọ́pò èkejì láìsọ ètò ẹsẹ̀ ti ṣi ènìyàn lọ́nà.

3.0 Àwọ̀ àti Òǹkà

Ìlà aláwọ̀ ni ó ń sọ òǹkà rẹsísítọ̀ olówó-ẹyọ: dúdú ni òdo, búráùn ni 1, pupa ni 2, àwọ̀ omi ọsàn ni 3, àwọ̀ ìyeyè ni 4, àwọ̀ ewé ni 5, àwọ̀ aró ni 6, elésè àlùkò ni 7, àwọ̀ eérú ni 8, funfun ni 9. Ìlà méjì àkọ́kọ́ jẹ́ nọ́ńbà. Ẹ̀kẹta ń sọ iye òdo tí ó tẹ̀lé e.

Ibí ni èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Dúdú, pupa àti funfun ni àwọn òpómúléró àwọ̀ nínú èdè Yorùbá. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lásán lè pe búráùn, pupa àti omi ọsàn ní pupa. Bí ìlà ìyeyè àti àlùkò bá ṣáájú, búráùn yóò fún wa ní 470, pupa yóò fún wa ní 4,700, omi ọsàn yóò sì fún wa ní 47,000. Ìlọ́po mẹ́wàá ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Rẹsísítọ̀ méjì ni ó sábà máa ń pín agbára bátìrì kí ṣájà ìnfátà lè mọ ìgbà tí bátìrì kún. Bí ọ̀kan bá fi ìlọ́po mẹ́wàá yẹ̀, ṣájà lè máa rọ iná sí bátìrì títí omi inú rẹ̀ yóò fi hó.

4.0 Títo Àká Náà

Ní ọdún 1970, Edgar F. Codd, òṣìṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà títo dátà sínú tábìlì jáde. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni a ti rí i pé kí òtítọ́ kọ̀ọ̀kan wà ní ojú kan ṣoṣo. Tábìlì mẹ́ta tó fún ìbẹ̀rẹ̀:

(a) Páàtì: nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fún un, irú rẹ̀, òǹkà rẹ̀, iná tí ó lè gbà, ooru tí ó lè fara dà, ètò ẹsẹ̀ rẹ̀.
(b) Ìrajà: nọ́ńbà tí ẹni tí ó ṣe é fún un, ẹni tí ń tà á, iye owó àti ọjọ́ tí a gba iye náà.
(d) Ìpamọ́: dúrọ́ọ̀ tí ó wà àti iye tí ó ṣẹ́kù.

Ìdí tí a fi yà wọ́n ni pé owó lè yí padà lọ́la, ṣùgbọ́n óòmù 4,700 kò ní yí padà. Ẹni márùn-ún sì lè máa ta páàtì kan ṣoṣo.

Ní Lẹ́kkí, ojú ooru kò gbọdọ̀ ṣófo. Páàtì tí a ṣe fún ìlò lásán sábà máa ń wà láàárín ìwọ̀n 0 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ti ilé-iṣẹ́ ńlá a máa lọ láti 40 nísàlẹ̀ òdo dé 85. Àpótí ìnfátà tí ó wà lábẹ́ páànù lọ́sàn-án gangan nílò èyí kejì. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti òkun a sì máa jẹ irin. Nítorí náà ó yẹ kí àkọsílẹ̀ sọ páàtì tí a fi nǹkan bò dáadáa.

KiCad, ètò ọ̀fẹ́ fún yíya sákíìtì tí Jean-Pierre Charras bẹ̀rẹ̀ ní Faransé ní ọdún 1992, ti ń fa páàtì tààrà láti inú àká-dátà láti ìgbà tí ẹ̀dà keje rẹ̀ jáde ní ọdún 2023. Àǹfààní ni, ewu sì ni: àṣìṣe kan nínú àká yóò wọ inú gbogbo àwòrán tí ó bá lò ó.

5.0 Ìwúlò fún Olùkọ́

Nígbà tí Ìdáwọ́lé Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí a ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, dandan ni kí a wá orúkọ fún ohun tí kò ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni títo àká-dátà: ìperí kan fún èrò kan. Olùkọ́ lè kó rédíò tó ti bàjẹ́ wá sí kíláàsì, kí ó yọ bátìrì rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tú páàtì rẹ̀, kí wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí, kí wọ́n pe àwọ̀ ìlà wọn láìfi ọ̀kan pe òmíràn, kí wọ́n sì fa tábìlì sínú ìwé. Kò gba kọ̀ǹpútà.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti ṣàlàyé pé orúkọ tí ó péye ni ìpìlẹ̀ àká-dátà páàtì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ láti ya búráùn sọ́tọ̀ kúrò lára pupa ní kíláàsì Yorùbá ti kọ́ ohun tí yóò dáàbò bo bátìrì àti ilé lọ́jọ́ iwájú. Ó yẹ kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka ìmọ̀-ẹ̀rọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí orúkọ páàtì, kí orúkọ náà tó di ti ẹnu ọjà.