Káyókáyó: Ọdún Tí Ẹ̀pẹ́ Fi Ń Bọ́ Àlejò

Ọmọ mi obìnrin bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi ayẹyẹ ọ̀yístà tí wọ́n máa ń ṣe ní Galway, ní orílẹ̀-èdè Ireland tí à ń gbé. Bó ṣe wọlé, ó ní, "Mọ́mì, ṣé irú ayẹyẹ oúnjẹ báyìí wà ní Ẹ̀pẹ́, ìlú wa?" Mo ní ó wà, Káyókáyó ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Eélòó ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀?" Mo ní kò sí tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ló bá bi mí pé, "Ta ló wá ń sanwó oúnjẹ tí gbogbo èèyàn ń jẹ?" N kò rí èsì tó délẹ̀ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó tún wá dùn mí ni ọ̀rọ̀ òbí kan tó dúró tì wá lọ́jọ́ kejì níwájú ilé ìwé wọn. Ó gbọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ Káyókáyó, ó ní inú òun dùn láti gbọ́ ọ, pé ebi nìkan ni òun rò pé ó wà lọ́dọ̀ wa. Kò sọ ọ́ láti fi bú mi, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí fún gbogbo ẹni tó ń tọ́ ọmọ Yorùbá lókè òkun, pàápàá ẹni tí orísun rẹ̀ wà ní etí ọ̀sà.

Ti Galway ní àyè tirẹ̀

N kò kóyán ayẹyẹ Galway kéré. Ọdún 1954 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìparí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ni wọ́n sì máa ń ṣe é, nígbà tí àsìkò ọ̀yístà bá wọlé. Àwọn tó mọ ọ̀bẹ lò máa ń wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ láti figagbága, kí wọ́n lè mọ ẹni tí yóò ṣí karawun ọ̀yístà kíákíá láìba ẹran inú rẹ̀ jẹ́. Wọ́n á fi ọtí Guinness tì í. Ìlú kékeré tó mọyì ohun tí omi rẹ̀ ń fún un ni, ọmọ Ẹ̀pẹ́ kò sì lè rí irú ìlú bẹ́ẹ̀ kí inú rẹ̀ má dùn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ inú àgọ́ lọ jẹ̀gbádùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni tiwọn àti tiwa ti yà.

Bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé Ẹ̀pẹ́

Àwọn àgbà mọ ìtàn tó bí Káyókáyó, nítorí náà màá là á kúrú fún àwọn ọmọ. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akitoye, tó ti wà lórí oyè náà rí, padà síbẹ̀. Òwò ẹrú ni wọ́n ní ó fà á, ọwọ́ Kòsọ́kọ́ sì wà nínú òwò náà lóòótọ́; kò yẹ ká fi ìyẹn pamọ́ fún ọmọ. Kòsọ́kọ́ kó ìdílé rẹ̀, àwọn jagunjagun rẹ̀ àti àwọn oníṣòwò tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba ojú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Abẹ́ Ìjẹ̀bú ni Ẹ̀pẹ́ wà, Awùjalẹ̀ ló sì gbà wọ́n láyè kí wọ́n tó lè tẹ̀dó. Òṣòdì Tápà, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn balógun rẹ̀, wà lára wọn.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pé òun kò ní í du Èkó mọ́, òun yóò sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ní 1862, wọ́n gbà á láyè kó padà sí Èkó, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1872. Àwọn tó bá Òṣòdì padà ni wọ́n tẹ apá ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ní Erékùṣù Èkó. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló padà. Àwọn tó jókòó ni à ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́ títí dòní, tí àwọn àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ jọ ń gbé ìlú kan náà. Ìgbà mìíràn wà tí ààrin wọn kò gún, bó ṣe máa ń rí láàárín onílé àti àlejò tó pẹ́ títí tó fi di onílé. Síbẹ̀ wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n ń jọ kírun, wọ́n ń jọ náwó.

Ìrántí ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ni Káyókáyó. Ẹ̀yìn Iléyá ló máa ń wáyé, ìyẹn ni kì í fi í bọ́ sí oṣù òyìnbó kan náà lọ́dọọdún. Àdúrà ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agbo ilé kọ̀ọ̀kan àti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á tò jáde nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, tìlù-tìfọn, wọ́n á yí ìlú po. Oúnjẹ ló wá kù. 

Èsì ìbéèrè ọmọ mi wà nínú ìtàn yìí. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń sanwó oúnjẹ náà. Àwọn tó dá Káyókáyó sílẹ̀ sá fún ìbọn jáde nílé, wọ́n dé ìlú onílùú, wọ́n sì rí ibi dáná. Ẹni tí wọ́n bá ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún kì í ti ilẹ̀kùn mọ́rí jẹun. Ó ń san gbèsè náà lọ́dọọdún fún ẹnikẹ́ni tó bá ya ilé rẹ̀, yálà ó mọ̀ ọ́n rí tàbí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ohun tí ọ̀sà ń fún wa

Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wà láàárín ọ̀sà Lẹ́kì tí omi rẹ̀ kò níyọ̀ àti ọ̀sà Èkó tí omi òkun máa ń wọ̀. Nítorí náà, ẹja omi aláìníyọ̀ àti ti omi oníyọ̀ jọ ń dé ọjà wa ni. Bí ẹ bá dé ọjà Olúwo láàárọ̀, ẹ ó bá àwọn ìyá wa nídìí ọpọ́n, tí ẹja àrọ̀ ń jà pìtìpìtì nínú omi. Ẹ ó rí epìyà, òbòkún, akàn, àti edé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ẹja yíyan, tí wọ́n ti ká ìrù rẹ̀ bọ ẹnu, tí wọ́n fi igi tín-ín-rín gún un kó má baà tú lórí iná. Obìnrin ló ń darí ọjà náà. Tí ọdún bá ti ń sún mọ́, owó ẹja á gbéra, kò sì sẹ́ni tó máa tìtorí rẹ̀ dá oúnjẹ kù.

Ní ti ohun mímu, ọdún àwọn Mùsùlùmí ni, nítorí náà a kì í gbé ọtí síwájú àlejò. Omi tútù, ẹlẹ́rìndòdò, sobo àti omi àgbọn la fi ń ṣe é lálejò. Mo sọ ọ́ nítorí pé wọ́n ti bi mí níhìn-ín bí ayẹyẹ ṣe lè dùn láìsí ọtí. Kí wọ́n wá wo Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀sán Káyókáyó.

Ìkọ́kọrẹ́ àti abọ́ tí ọmọdé ń rù

Ẹran àgbò, ìrẹsì, àmàlà àti mọ́ínmọ́ín wà nílé gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń fa ọkàn mi ní tèmi ni ìkọ́kọrẹ́. Oúnjẹ Ìjẹ̀bú ni, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èkó Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi, ìkọ́kọrẹ́ sì ni oúnjẹ tí wọ́n ń retí jù nílé wa tó bá di Káyókáyó. Oúnjẹ onílé ló di oúnjẹ ọdún àlejò, n kò sì mọ ohun mìíràn tó ṣàlàyé Ẹ̀pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ewùrà ni wọ́n fi ń sè é. Ìyá mi á bẹ ẹ́, á rin ín lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu. Ewùrà máa ń yún èèyàn lọ́wọ́, nítorí náà á ti kọ́kọ́ fi epo pa ọwọ́. Ìkòkò á ti wà lórí iná pẹ̀lú ata lílọ̀, àlùbọ́sà, epo pupa, edé, òbòkún tútù díẹ̀ àti ẹja yíyan tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀. Bí omi ọbẹ̀ náà bá ti ń hó kùtùkùtù, á máa fi orí ìka bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, á sì dé e pa. Ibi tí àwọn tó ń kánjú ti ń bà á jẹ́ nìyẹn, nítorí pé tí o bá ti ro ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á di lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀. Ìyá mi á dín iná kù, á fi í sílẹ̀ kó jinná fúnra rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ló tó fi orógùn yí i jẹ́jẹ́, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ kúnná, kí díẹ̀ sì ṣẹ́ kù ní kókó. Kókó yẹn ni àwa ọmọdé máa ń du. Tí ó bá di ọjọ́ kejì, a ó fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́, ẹ̀bà gaàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa.

Ṣùgbọ́n kì í dé ọwọ́ wa kí ti òde tó jáde. Ìyá mi á to abọ́ onírin funfun tó ní òdòdó lára sílẹ̀, á bù ú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi ọmọrí dé e, á fi aṣọ dì í. A ó gbé e rù wá. Ẹni àkọ́kọ́ ni àwọn arúgbó tí kò lè jáde wo ìwọ́de. Lẹ́yìn wọn ni ìyá ìkókó, lẹ́yìn náà ni ayálégbé tó ti ìlú mìíràn wá, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn aládùúgbò wa onígbàgbọ́ tí àwọn náà á gbé tiwọn wá nígbà Kérésì. Tí a bá dé ẹnu ọ̀nà, a ó kúnlẹ̀ tàbí ká dọ̀bálẹ̀, a ó ní, "Ẹ kú ọdún o, Mà. Ìyá wa ní ká kí yín, wọ́n ní kí ẹ fi èyí panu." Ìyá àgbà á ní, "Ẹ kú ìyèdún o. Àṣèyí ṣàmọ́dún. Ọmọ ta ni yín?" A ó dárúkọ bàbá wa, á dárúkọ bàbá bàbá wa, á ki wá ní oríkì, kó tó da oúnjẹ náà sínú abọ́ tirẹ̀. Kì í dá abọ́ wa padà lófìfo. Ọsàn lè wà níbẹ̀, tàbí ẹran, tàbí owó ọdún fún àwa tí a gbé e wá.

Lórí ìrìn yẹn ni mo ti mọ ẹni tí mo jẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ agbo ilé tí a ti fẹ́ ìyàwó, ibi tí a ti jọ ń jogún, ẹni tí mo gbọ́dọ̀ pè ní Ẹ̀gbọ́n àti ẹni tí mo gbọ́dọ̀ pè ní Ìyá bí ọjọ́ orí wa tilẹ̀ súnmọ́ra. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ mi. Abọ́ orí mi ló kọ́ mi.

Ohun tó ń lọ

Káyókáyó kò kú. Èrò ń pọ̀ níbẹ̀ sí i, àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń ti ìlú òyìnbó wá, àwọn ilé iṣẹ́ àti olóṣèlú sì ń náwó sí i. N kò bínú sí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé abọ́ ti ń dín kù lójú títì. Alásè ni wọ́n ń gbà nísinsìnyí, inú ike ni wọ́n ń di ìrẹsì sí, ọkùnrin kan á sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ pín in. Oúnjẹ ń dé ọ̀dọ̀ èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kì í tẹ̀ lé e mọ́. Kò sẹ́ni tí yóò bi í pé ọmọ ta ni. Ike kì í sì í padà sílé pẹ̀lú ọsàn nínú.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin òbí

Kò dìgbà tí ẹ bá wọkọ̀ òfuurufú lọ sílé kí ẹ tó gbé abọ́ rán ọmọ yín. Tí Iléyá bá ti kọjá, ẹ mú Sátidé kan. Ewùrà wà ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ àwọn ará wa ní Dublin, ní London àti ní Houston. Ẹ wò ó dáadáa kí wọ́n má ta iṣu lásán fún yín, nítorí iṣu kò lè ṣe ìkọ́kọrẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà bá yín rin ín, kí ọwọ́ rẹ̀ yún un díẹ̀. Ẹ ra abọ́ gidi tó ní ọmọrí. Ẹ yan ilé méjì: ti ọmọ Yorùbá kan, kí ọmọ yín lè kúnlẹ̀ kí àgbà bó ṣe yẹ, àti ti aládùúgbò òyìnbó kan. Ẹ sọ fún ẹni kejì yìí pé ẹja àti edé wà nínú rẹ̀, torí pé ara àwọn kan kì í gbà á. Ẹ má bá ọmọ náà wọlé; ẹ dúró lẹ́yìn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ jíṣẹ́.

Tí aládùúgbò náà bá bi í léèrè pé ọdún kí ni wọ́n ń ṣe, kó sọ fún un pé ìlú ìyá òun gba àlejò nígbà kan, àwọn àlejò náà kò sì gbàgbé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré tó láti gbọ́ iṣẹ́ tí a bá rán wọn.