Ọgbọ́n tí ewé jéró ń dá tó fi ń yè nínú ọ̀gbẹlẹ̀ Sahel

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé inú ilẹ̀ nìkan ni ohun ọ̀gbìn ti ń rí oúnjẹ. Àmọ́ inú afẹ́fẹ́ ni ewé ti ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó fi ń dàgbà.

Ara ewé ní àwọn ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Stomata ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń ṣọ́ ihò kọ̀ọ̀kan: tí omi bá kún inú wọn, ihò náà á ṣí, tí omi bá dínkù, á padé.

Ibẹ̀ ni carbon dioxide ń gbà wọlé, tí ewé á fi òun, omi àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ṣúgà. Ibẹ̀ náà ni oxygen ń gbà jáde.

Omi ni owó rẹ̀

Bí ihò yìí bá ṣe wà ní ṣíṣí, bẹ́ẹ̀ ni omi á máa fẹ́ lọ. Ó lé ní ìdá 90 nínú 100 omi tí gbòǹgbò ń fà tó ń bá ọ̀nà yìí lọ.

Tí ewé bá ti ilẹ̀kùn pa, ebi á pa á. Tó bá ṣí i sílẹ̀ lásìkò ọ̀dá, òǹgbẹ á gbẹ ẹ́.

Kí ni jéró ń ṣe?

Jéró, ọkà bàbà, àgbàdo àti ìrèké máa ń kó carbon dioxide jọ síbì kan nínú ewé wọn. Nítorí náà, bí ihò kò tilẹ̀ ṣí púpọ̀, èyí tó wọlé á tó wọn lò. Wọn kì í ná omi tó ìrẹsì. Èyí wà lára ìdí tí jéró fi jẹ́ oúnjẹ gbòógì ní Niger àti Mali.

Ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tí wọ́n ń gbìn ní Allada ní orílẹ̀-èdè Benin, tún yàtọ̀. Òru, tí ilẹ̀ bá tutù, ló máa ń ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀, á sì tọ́jú ohun tó bá kó dọjọ́ kejì.

Igi tó ń wọ́wé lásìkò òjò

Ní Maradi àti Zinder ní Niger, àwọn àgbẹ̀ máa ń dá igi tí Hausa ń pè ní gawo sí láàárín oko jéró. Lásìkò òjò, tí jéró ń dàgbà, ewé gawo á ti wọ́, kò ní bá jéró du omi àti oòrùn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé, torí gbòǹgbò rẹ̀ ń kan omi ìsàlẹ̀ ilẹ̀.

Àgbẹ̀ kò lè pàṣẹ fún òjò. Àmọ́ ó lè yan ohun ọ̀gbìn tó mọ omi ṣọ́ ná.