Ẹ Má Ì Tíì Gbé Ogbólógbòó Kọ̀ǹpútà Yín Sọnù

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft fi òpin sí àtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́, irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa ní Sùúrùlérè, láti Ojúẹlẹ́gbá títí dé Agúda. Àwọn kan ní kí a lọ ra tuntun. Owó wo ni a ó fi rà á? Àwọn mìíràn a máa gba Windows tí a jí dà kọ. Àwa kò fara mọ́ èyí, pàápàá fún ẹni tí ó ń kọ́ ọmọdé pé olè jíjà kò dára.

Ọ̀nà kẹta wà, Linux ni orúkọ rẹ̀. Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ó sì fi ìwà jọ Unix tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Ubuntu, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀, jáde ní 2004. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni ó dá a sílẹ̀. A kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, òfin sì gbà wá láyè láti dà á kọ fún ọ̀rẹ́.

Kí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ da gbogbo ìwé rẹ̀ kọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà kí ó gba Ubuntu láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó gbé e sórí fláàṣì bí ìlànà rẹ̀ ti wí, kí ó sì tan kọ̀ǹpútà láti ojú fláàṣì náà: F12 ni a ń tẹ̀ lára Dell, F9 lára HP. Bí ó bá yan pé òun fẹ́ dán an wò, yóò lò ó láìfọwọ́kan Windows tí ó wà nínú. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó pa kọ̀ǹpútà, kí ó yọ fláàṣì. Fáìlì náà ju gígábáìtì 5 lọ, dátà sì wọ́n. Nítorí náà kí olùkọ́ kan gbà á, kí àwọn yòókù dà á kọ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni ṣe àáró. Kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kéré, Lubuntu tí ó fúyẹ́ ni kí a fún un.

Ìdààmú ń bẹ níbẹ̀, a kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ará Sùúrùlérè ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan yóò kàn tí a ó ṣí Terminal, níbi tí a ti ń kọ àṣẹ: ls yóò ka ohun tí ó wà nínú fódà, cd yóò gbé wa wọ òmíràn, pwd yóò sọ ibi tí a wà. Lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà níbẹ̀. Iwe yàtọ̀ sí iwe, gẹ́gẹ́ bí ọkọ ti yàtọ̀ sí ọkọ̀. Kò yẹ kí olùkọ́ Yorùbá bínú sí ìyẹn. Bí a bá ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, nínú àwọn ẹ̀yà kan ohunkóhun kò ní hàn lójú rẹ̀, ẹlòmíràn a sì rò pé kọ̀ǹpútà ti kú. Kò kú. Kí a tẹ̀ ẹ́ tán, kí a tẹ Enter. Àṣẹ tí a ní láti ṣọ́ra fún ni rm, nítorí ohun tí ó bá pa rẹ́ kì í dúró nínú agbọ̀n tí a ti lè mú un padà.

Èyí tí ó wú wa lórí jù ni pé àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú rẹ̀. Láàrin àwọn àtẹ ti Nàìjíríà ni a ó ti rí i, pẹ̀lú ẹ, ọ àti ṣ. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń fi bírò kán àmì sábẹ́ lẹ́tà lórí ìwé ìdánwò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, yóò mọ ohun tí a ń wí.