Ibà tí kò fẹ́ lọ

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa yọ̀. Ọmọkùnrin tí gbogbo wa ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ ní ìpàdé ti kúrò ní ọsibítù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6. Bàbá rẹ̀ gbà mí láyè láti kọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ.

Wọ́n bí ọmọ náà pẹ̀lú ihò nínú ọkàn. Ó ń ṣeré, ó ń lọ sílé ìwé, a sì gbàgbé. Nígbà tí ibà dé, wọ́n fún un ní oògùn ibà, kò lọ. Wọ́n ra kápúsù nílé kẹ́mísì. Ó rọlẹ̀, ó tún padà. Ó ń làágùn lóru, ó sì ń rù. Ọ̀sẹ̀ 3 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rántí ọkàn.

Bí dókítà ṣe là á yé wa nìyí. Ẹ̀jẹ̀ tí ń gba ihò náà kọjá ń fi agbára lu ara ọkàn, ibi tí ó ń lù a sì máa bó. Kòkòrò inú ẹnu, pàápàá níbi eyín tó kẹ̀, a máa bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Lára ẹlòmíràn kì í sábà ríbi dúró. Lára irú ọmọ yìí, ó lè lẹ̀ mọ́ ibi tó bó, tàbí mọ́ ilẹ̀kùn ọkàn, kí ó máa jẹ ẹ́. (Àwa ará rélùwéè mọ ohun tí ìdọ̀tí díẹ̀ ń ṣe níbi tí ojú irin ti yà.) Nígbà tí Dókítà William Osler sọ̀rọ̀ lórí àrùn yìí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885, kò sí oògùn rẹ̀. Penisílínì ni ó yí ọ̀rọ̀ padà, láàrin 1940 sí 1950.

Ti kápúsù yẹn ló dùn mí jù. Ó yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú oògùn, kí wọ́n lè mọ irú kòkòrò náà. Kápúsù ti pa díẹ̀, ó ku púpọ̀, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò sì rí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n tún un ṣe ni ó tó hàn. Láti ìgbà náà, inú iṣan ni oògùn ń gbà wọlé lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ibà bá mú un tí kò tètè lọ, ẹ sọ ti ọkàn fún dókítà kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ fọ eyín rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lo oògùn kí wọ́n tó yọ eyín. Láti 2007 àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti fi í mọ sọ́dọ̀ àwọn tí ewu wọn pọ̀ jù, bí ẹni tí ètè rẹ̀ ń dà bí aró nítorí ọkàn tí a kò tíì tún ṣe, àti ẹni tí àrùn náà ti mú rí. Ọmọ tiwa ti di ọ̀kan nínú wọn.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n gbé e wá kí wa. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí n fún un ní súìtì.